Etí Awọ Tí Ojú Kì Í Rí
Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣẹ́ awọ bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Kumasi

Àwa tí a dìde yìí ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ awọ nínú ẹgbẹ́: àwọn tí ń rán bàtà, àwọn tí ń rán àpò, àti àwọn tí ń tún sálúbàtà ṣe ní agbègbè Kejetia. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fún wa. A kò ní í gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òórùn ìrẹsì ti ń wọlé láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

Ẹjọ́ ni ó gbé wa dìde. Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, ìyá kan láàárín wa sọ pé òun fi ọmọ òun síṣẹ́ bàtà, ó di oṣù mẹ́rin, ọmọ náà kò tíì rán bàtà kan ṣoṣo. Ó ní ohun tí ọmọ ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni kí ó máa fi ọ̀bẹ fá etí àjákù awọ, kí ó fá ọ̀kan tán kí ó mú òmíràn. Ó wá béèrè pé ṣé iṣu ni wọ́n ń kọ́ ọmọ òun láti bẹ ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa kò dénú, nítorí ọmọ mẹ́ta ni àwọn òbí ti mú kúrò lọ́wọ́ wa láàárín ọdún kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọ̀kan ń wa pragya báyìí, ọ̀kan ń kiri ọjà, a kò mọ ibi tí ẹ̀kẹta wà.

Ìyá náà kò ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ tí ó lò. Bíbẹ etí ni orúkọ tí àwa náà ń pè é láàárín ara wa, òun ni ìwé àwọn òyìnbó ń pè ní skiving. Ohun tí ó jẹ́ kò ju pé kí a mú etí awọ, kí a fi ọ̀bẹ bẹ ẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti inú wá síta, kí awọ tí ó nípọn ní àárín máa fẹ́lẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ewé tákàdá ní etí. Bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ bá wò ó, yóò rò pé a ń fi awọ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ó wà lẹ́sẹ̀ yín ṣàlàyé. Ẹni tí ó bá wọ bàtà awọ wá síbí, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo etí òkè rẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà wọlé. Bí bàtà náà bá jẹ́ ojúlówó, ẹ kò ní í rí ojú ibi tí a ti gé awọ níbẹ̀. Wọ́n ká a sínú ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì rán an. Awọ òkè bàtà sábà máa ń nípọn tó mìlímítà kan àbọ̀. Bí a bá ká a láìbẹ ẹ́, ó di mìlímítà mẹ́ta. Kí a tún wá fi awọ inú mìlímítà kan tẹ́ ẹ, ó di mẹ́rin, ibẹ̀ gan-an sì ni ibi tí egungun ọrùn ẹsẹ̀ ń fi ara kàn. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi bó ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ká ìwọ̀n mìlímítà márùn-ún sínú, a óò kọ́kọ́ bẹ ìwọ̀n mẹ́wàá láti etí wọlé, ní inú awọ, kì í ṣe ní ojú rẹ̀, títí etí náà yóò fi tó ìdajì bí ó ti nípọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá wá ká a, ìdajì àti ìdajì di odidi kan. Ọwọ́ kò ní í mọ̀ pé a ká nǹkan kan níbẹ̀.

Etí yẹn nìkan kọ́. Ibi tí awọ iwájú bàtà ti pàdé awọ ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan gun orí èkejì. Èyí tí ó wà lábẹ́ ni a ń bẹ, kí ó má baà dà bí ebè nínú bàtà. Awọ líle tí a ń fi pamọ́ sí gìgísẹ̀ kí ẹ̀yìn bàtà má baà wó, àti èyí tí a fi sí orí ọmọ ìka, gbogbo etí wọn ni a gbọ́dọ̀ bẹ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ wo bàtà ọmọ iléèwé tí ó ní ilà gbọọrọ kan lójú níbi tí ọmọ ìka parí sí, bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í lábẹ́. Ẹni tí ó ṣe é kò bẹ etí awọ líle yẹn ni. Ibi ilà náà ni awọ yóò ti kọ́kọ́ sán, kí sáà iléèwé tó parí, ìyá ọmọ á sì wí pé bàtà Kumasi kò dára.

Ọ̀bẹ tí a ń lò kì í ṣe ọ̀bẹ ilé ìdáná. Abẹ́ ayùn tí wọ́n fi ń gé irin ni àwọn púpọ̀ nínú wa fi ń ṣe é. Suame Magazine ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ fún wa. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ tí ó tẹ́jú ni ó ń dojú kọ awọ. A óò tẹ́ awọ sórí òkúta dídán tàbí gíláàsì tí ó nípọn, nítorí bí abẹ́ rẹ̀ bá rí págunpàgun, ọ̀bẹ yóò bọ́ sínú kòtò, yóò sì la awọ já. A óò wá dá ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ dáadáa, kí a tì í síwájú kúrò lọ́dọ̀ ara wa, kí ọwọ́ kejì máa wà lẹ́yìn ọ̀bẹ nígbà gbogbo. Ọ̀bẹ tí kò mú ni ó ń géni lọ́wọ́, èyí tí ó mú kì í sábà géni, nítorí èyí tí kò mú ni a ń fi agbára tì. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pípọ́n ọ̀bẹ nìkan ni ọmọ ń kọ́: lórí òkúta pẹ̀lú omi, lẹ́yìn náà lórí awọ líle títí yóò fi máa dán. Ìyá tí ó bá rí ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lè rò pé alápatà ni a fẹ́ fi í ṣe.

Ohun tí ó ń gba àkókò ni pé awọ kì í ṣe pákó. Awọ ẹ̀yìn màlúù le, ó dọ́gba. Awọ ikùn rẹ̀ rọ̀, ó máa ń fà bíi rọ́bà, bí ọ̀bẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó á sá lọ. Awọ ewúrẹ́ tí ó ń ti Bolgatanga wá, tí wọ́n fi èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa pò, fẹ́lẹ́ débi pé bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀ ó ti lu. Ti rẹ́síìnì burú jù, torí aṣọ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá bẹ ẹ́, òwú ni yóò máa jáde. Ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìka mọ gbogbo ìwọ̀nyí kí ó tó fi ojú mọ̀ wọ́n. Bí ó bá bẹ ẹ́ jù, awọ yóò já níbi tí a ti ká a, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan tí oníbàárà ti lọ. Bí kò bá bẹ ẹ́ tó, yóò ki. Bí ó bá bẹ ẹ́ tí ibì kan ga tí ibì kan rẹlẹ̀, etí bàtà yóò rí bí ojú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́. Orí àjákù ni kí ó ti ṣe gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí, nítorí awọ odindi tí ọmọ bá bàjẹ́, owó ni, àwọn oníṣẹ́ míràn sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ gbèsè tí bàbá rẹ̀ yóò san kí ó tó gba ìdáǹdè. Kí ọmọ máa bẹ àjákù fún oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ yín lọ́rùn ju ìyẹn lọ, a rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà míì a máa ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrù obroni wawu, ìyẹn aṣọ àti bàtà òyìnbó tó ti kú gẹ́gẹ́ bí àwọn Asante ṣe ń pè é. A óò ra bàtà méjì tí kò ṣeé wọ̀ mọ́, a óò gbé wọn lé tábìlì, a óò fi ọ̀bẹ tú wọn ká lójú àwọn ọmọ. Nínú bàtà àtijọ́ tí a fi ọwọ́ ṣe, ẹ óò rí etí tí ó fẹ́lẹ́ lọ bíi ìyẹ́ ẹyẹ níbi gbogbo tí ojú kò lè dé. Nínú àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú tí ó kún ọjà, wọ́n gé awọ lásán, wọ́n kun etí rẹ̀ ní dúdú, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lé e. Ọmọ tí ó bá ti rí méjèèjì lórí tábìlì kan kì í tún béèrè ìdí tí òun fi ń bẹ àjákù.

Ìlú tí a wà yìí mọ bàtà, kí a má tan ara wa jẹ. Nígbà tí òyìnbó Bowdich wọ Kumasi ní ọdún 1817, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí sálúbàtà aláwọ̀ ewé, pupa àti funfun lẹ́sẹ̀ àwọn ìjòyè. Ahenema ni wọ́n ń pe sálúbàtà wọn títí di òní, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ ọba. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ ìjòyè lóyè, wọ́n á bọ́ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí Asantehene, bíbọ́ ni yóò bọ́ tirẹ̀. Ibi tí bàtà ti jẹ́ oyè báyìí, ẹ má rò pé wọn kò ní í wo abẹ́ okùn rẹ̀. Bí etí awọ tí a ká sábẹ́ okùn ahenema bá nípọn, yóò máa jẹ ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí ó fi òòrùn gbogbo dúró níbi ìsìnkú, dúdú ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè bọ́ ọ kí ayé má wò ó. Àwọn àgbà oníṣẹ́ Asante tí a ń bá ra awọ pọ̀ kì í wo ojú iṣẹ́ wa kí wọ́n tó dá wa lẹ́jọ́. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀.

Àwa náà kò bá iṣẹ́ yìí níhìn-ín. Làbà Ṣàngó tí àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ń ṣe, pẹ̀lú awọ aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ lé ara wọn, ta ni yóò rí i tí kò ní í mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe é mọ etí awọ? Àwọn tìmùtìmù Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ó wù wá kí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín mọ̀ pé kì í ṣe ọjà títà nìkan ni a gbé ti ilé wá. (A mọ̀ pé wele ni awọ tí ẹlòmíràn nínú wa mọ̀ jù, pọ̀nmọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. A kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ jẹ, kò lè di bàtà mọ́.)

Bí ọmọ yín kò bá tilẹ̀ ní í ṣe oníbàtà, iṣẹ́ etí yìí yóò tún bá a níbòmíràn. Àwọn tí ń lẹ táyà láàárín wa mọ̀ pé rọ́bà tí a fi lẹ tíúbù gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ní etí yíká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí náà ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bẹ́líìtì rọ́bà ńláńlá tí ó ń gbé òkúta níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, wọn kì í kàn fi orí rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. Wọ́n ń bẹ ẹ́ ní àtẹ̀gùn tàbí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ibi ìsopọ̀ má baà ga ju ibi yòókù lọ. Àwọn tí ń fi awọ di ìwé náà ń bẹ etí rẹ̀ kí wọ́n tó ká a sí páálí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín rántí ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kí ó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi gbèsè tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Ẹni tí ó ní àpò ọ̀bẹ àti ìlu gbé e há abíyá, ó sì jókòó sábẹ́ igi kan ní ìlú rẹ̀ láàárín oṣù kan. Nítòsí tiwa náà, òfin ìdókòwò Ghana tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013, nọ́ńbà 865, fi títa ọjà nínú ọjà, kíkiri, àti títà lórí àtẹ sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ nìkan. Ní ọdún 2019 ẹ fi ojú ara yín rí i bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Suame Magazine. Rírán bàtà kò sí nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin náà kà sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀. A kò sọ pé oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní ìwé láti gbà o, ó ní i, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ wa ṣe àwíjàre níwájú aṣọ́bodè. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí ẹ mú kúrò nídìí àjákù lóṣù kẹrin láti lọ kiri ọjà, ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ jù ni ẹ mú un lọ.

Àwọn òbí náà ní ẹ̀sùn tí ó tọ́. Àwọn ọ̀gá kan wà, a kò dárúkọ, tí wọ́n fi àjákù bojú: ọmọ á bẹ etí fún wákàtí kan láàárọ̀, yóò fi ìyókù ọjọ́ náà pọn omi, fọ mọ́tò, gbé ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, a sì ti jókòó lé e lórí. Láti ìsinsìnyí, oṣù mẹ́ta ni ọmọ yóò lò nídìí àjákù, kò ní í kọjá bẹ́ẹ̀, a óò sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ní òpin rẹ̀ a óò dán an wò lójú òbí. Yóò bẹ ọ̀já awọ mẹ́ta, ti ẹ̀yìn màlúù, ti ikùn, àti ti ewúrẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìwọ̀n rúlà iléèwé. Yóò ká etí wọn. Òbí yóò di ojú, yóò fi ìka ra á láti òpin kan dé òpin kejì. Bí ìka bá kọsẹ̀ níbì kan, ọmọ kò tíì ṣe tán. Bí kò bá kọsẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni yóò gé awọ bàtà àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó bí i ni yóò sì wọ bàtà náà.

Nípa ti ẹ̀rọ tí alága béèrè: ẹ̀rọ wà tí ń bẹ etí awọ. Ọ̀bẹ rẹ̀ rí bíi agogo tí ó dùbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú yíká, ó ń yí kíákíá bí awọ ti ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Òkúta kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ó ń pọ́n ọn. Ẹsẹ̀ irin tí ó tẹ awọ mọ́lẹ̀ ni a fi ń yan bí yóò ti dà gẹ̀rẹ́ tó. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀, ilé iṣẹ́ Fortuna ní Stuttgart sì lókìkí nínú rẹ̀. Ti àwọn ará Ṣáínà ni ó pọ̀ lọ́jà nísinsìnyí. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe ní ìdajì ọjọ́, ẹ̀rọ yìí á ṣe é kí ọbẹ̀ tó hó. Àwa fúnra wa kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa, tí a sì mú wá síwájú yín, ni pé kí ẹgbẹ́ fi owó àjọ yá wa ra ẹyọ kan fún gbogbo wa, kí a máa san án padà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kí ọmọ tí kò bá tíì yege ìdánwò ìka má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà kò mọ awọ ikùn yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Bí ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó tó ṣẹ́jú ẹ̀rọ ti jẹ etí awọ tán. Àti pé ẹni tí ó rántí dumsor, àìsí iná tí ó yọ gbogbo wa lẹ́nu láti 2012 sí 2016, mọ̀ pé ọjọ́ ń bẹ tí ọ̀bẹ abẹ́ ayùn nìkan ni yóò ṣiṣẹ́.

Ẹ ó dìbò lórí owó náà lẹ́yìn oúnjẹ. Ní ti ìdánwò àkọ́kọ́, Sátidé tí ó parí oṣù yìí ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ọmọ mẹ́rin ni yóò jókòó, ọmọ ìyá tí ó pe ẹjọ́ wà lára wọn. Ó gbà láti dá a padà fún oṣù kan sí i. Kí òbí kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wọ bàtà tí ó bo ọmọ ìka, nítorí ọ̀bẹ máa ń bọ́ sílẹ̀. A óò pèsè awọ.